Ta Ló So Igi Mọ́ Òrùlé Wa?

Àwọn ará Rodenscheid, abúlé wa ní ilẹ̀ Jámánì, ní ohun kan ṣoṣo ló burú lára mi: wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí máa ń dùn mọ́ mi ju èyí tó kàn mí lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Bí kì í bá ṣe ojú mi tó máa ń yọ sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, Irmtraud ì bá ṣì máa dá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hamburg, ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ ì bá sì ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Irmtraud. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, èmi ni mo sì rán gbogbo aṣọ tó fi kọrin, láti ìgbà tó wà nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi di ẹni tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri ilẹ̀ Jámánì. Àwọn òǹwòran kò mọ Irmtraud o. Tilla Heiden ni wọ́n mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Drossel, máníjà rẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó ní èyí tí àlùfáà sọ ọ́ ti wúwo jù lára àwo orin. Òun náà ló pinnu pé orin omidan tó jókòó lójú fèrèsé, tó ń retí olólùfẹ́ tí kò tíì dé, ni yóò máa kọ. Orin náà dùn lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin ń ra àwo náà wìtìwìtì, oníkálukú gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń retí.

Ní ọdún 1973, àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, mo jáde síta láti gbálẹ̀, mo gbójú sókè, ìgbálẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Irmtraud! Irmtraud, jáde wá wo nǹkan!"

Ó sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn. Igi Máì ni, igi oṣù Karùn-ún. Igi bírkì tútù yọ̀yọ̀, èèpo rẹ̀ funfun, bébà pupa àti bébà funfun gígùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì fi pákó gbẹ́ àwòrán ọkàn kan sí i láyà, tí wọ́n kọ IRMTRAUD sí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin tó bá ní ọmọbìnrin kan lọ́kàn ló ń ri irú rẹ̀ síwájú ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Kì í kọ orúkọ tirẹ̀ sí i. Yóò fi í sílẹ̀ títí oṣù yóò fi parí, yóò wá padà wá fúnra rẹ̀ láti mú un. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, ìyá ọmọ yóò gbé kéèkì fún un, bàbá ọmọ yóò gbé bíà. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, yóò gbé igi rẹ̀ máa lọ lẹ́nu gbígbẹ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ibi tí igi wà. Gbogbo èèyàn ń so tiwọn mọ́ ògiri tàbí ọ̀pá ojúde. Èyí wà lókè téńté òrùlé, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá èéfín.

"Ta ni wèrè tó gun ibẹ̀ yẹn?" Irmtraud béèrè. Ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀ kan.

"Wèrè tó fẹ́ kí o rí i láti inú bọ́ọ̀sì ni."

"Àǹtí Burga, ẹ wò ó. Kò kọ Tilla."

Ó tún un sọ, ó ní kò kọ Tilla. Mo rí i pé omi ti fẹ́ lé sí i lójú. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin kankan ti pè é ní orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ kí ó fọwọ́ sí fọ́tò.

À ń ronú, à ń dárúkọ àwọn ọmọkùnrin abúlé níkọ̀ọ̀kan, à ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí mọ́tò Drossel yọ. Ó wá gbé Irmtraud lọ síbi iṣẹ́, ayàwòrán kan sì wà lẹ́yìn mọ́tò. Drossel bọ́ sílẹ̀, ó wo òrùlé, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ta ló ṣe é?"

"A ò tíì mọ̀," ni mo wí.

"Ẹ ò mọ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mọ̀ rárá. Tilla, dúró síbẹ̀ yẹn, gbójú sókè. Ó dà bí ẹni pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló ri igi fún ẹ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ Sátidé, tí mo tan tẹlifíṣọ̀n. Irmtraud wà níbẹ̀ nínú aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run tí mo rán, wọ́n fi fọ́tò òrùlé mi hàn, olóòtú ètò sì bi í pé ta ni olóríire náà. Ó rẹ́rìn-ín ìdí iṣẹ́, ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni. Gbogbo yín tí ẹ ń wò mí lẹ ri í fún mi." Àtẹ́wọ́ bo gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan téèpù, ó sì ń ṣí ẹnu pa ẹnu dé bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde láti inú ẹ̀rọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo ń bi ara mi pé, ẹni tó so igi yẹn, ṣé òun náà ní tẹlifíṣọ̀n nílé?

Oṣù parí. Irmtraud fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wálé, ó jókòó. Mo yan kéèkì, mo gbé páálí bíà síwájú ilé. A jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò yọjú. Igi ti gbẹ, bébà rẹ̀ ti ṣá. Kí a rigi fúnni ká má wá mú un, ìtìjú ńlá ni lọ́dọ̀ wa, ó túmọ̀ sí pé olúwarẹ̀ ti yí ọkàn padà. Irmtraud jẹ kéèkì díẹ̀, ó ní kò dùn, ó sì lọ múra ìrìnàjò.

Igi kò ṣáà lè wà lókè títí láé. Nígbà tó yá, mo ránṣẹ́ pe Gereon Vossen, ọmọ opó tó ń gbé nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń kan òkúta pẹlẹbẹ sórí òrùlé gbogbo wa. Ọkùnrin gíga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gun òkè, mo dúró nísàlẹ̀, mò ń wò ó. Ẹ̀yìn ọ̀pá èéfín ni kókó okùn wà, ibi tí ojú ò tó. Gereon ò wá a. Ó na ọwọ́ lọ sẹ́yìn láìwò, kókó tú, igi sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo na owó iṣẹ́ sí i.

"Ẹ fi sílẹ̀, Àǹtí Burga. Mi ò ní gba owó lórí ìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Kò sí."

Mo rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ ibi kókó náà. "Gereon! Ìwọ ni!"

Ó ń ká okùn rẹ̀, kò gbójú sókè. "Èmi kọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ṣebí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n? Èmi àti màmá mi la jọ gbọ́ ọ."

"Ọmọ yìí, iṣẹ́ lọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní kó sọ ọ́ ni."

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ tèmi náà nìyí, mo ti ṣe é tán." Ó gbé igi sí èjìká. Mo ní kí ó dúró gba kéèkì, ó ní òun ti jẹun.

Èmi Burga kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ irú ìyẹn kó sùn. Mo pe Irmtraud lórí fóònù ní Hamburg. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Gereon tí a jọ wà ní kọ́yà? Tó máa ń dúró sí ìlà ẹ̀yìn?"

"Òun náà."

"Kò sọ nǹkan kan fún mi rí."

"Ó ti sọ ọ́ báyìí. Orí òrùlé mi ló ti sọ ọ́."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ló dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà, ó gba ilé Vossen lọ tààrà, èmi sì tẹ̀lé e. Gereon ń tún àjà ẹyẹlé ṣe lókè. Irmtraud dúró nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Sọ̀kalẹ̀, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Mò ń gbọ́ ẹ láti ibí."

"Àwọn aládùúgbò náà ń gbọ́ mi."

"Ṣebí wọ́n ti mọ́ ẹ lára. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ẹ."

Mo rò pé yóò bínú lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó ká yẹ̀rì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà pẹ̀lú bàtà gogoro. Ó dé àárín, àkàbà ń mì, Gereon kígbe, "Dúró! Dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀!" Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbìyànjú.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Fún bí ọdún méjì àti ààbọ̀, bí Irmtraud bá ti kọrin tán ní ìlú yòówù, ọ̀dọ̀ wa ló ń sáré padà sí, Gereon á sì gba ẹ̀yìnkùlé mi wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wí o. Nínú àdéhùn tí Irmtraud bá Drossel ṣe, ó wà níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣe ìdána, kò gbọdọ̀ ṣe ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán kankan kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí àdéhùn náà yóò fi parí. Omidan ojú fèrèsé ni wọ́n ń tà.

Bí ìyẹn bá ń jó wọn níwájú, Màmá Vossen ń jó wọn lẹ́yìn. Apollonia lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Gereon bẹ̀ mí kí n ṣe alárinà, mo bá lọ mu kọfí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó da kọfí fún mi tán kó tó sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

"Burga, mo mọ ohun tó gbé ẹ wá. Mu kọfí ẹ, má sọ ọ́."

"Màmá, àwọn ọmọ náà fẹ́ràn ara wọn."

"Èwo nínú wọn? Èyí tó ń jẹ́ Irmtraud ni àbí èyí tó ń jẹ́ Tilla? Èyí tó ń jẹ́ Tilla, mo rí i ní Sátidé tó kọjá, ó ń sọ fún gbogbo ọkùnrin pé òun ò tíì rí ẹni tó wù òun. Ọmọ mi jókòó síbí yìí, ó ń wò ó, ó ń gé búrẹ́dì."

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

"Ọkọ mi náà ṣiṣẹ́. Òrùlé ló ti já bọ́ kú. Síbẹ̀ kò fìgbà kan sọ pé òun ò níyàwó nílé." Ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ọmọ mi kì í ṣe ológbò tí ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Òtítọ́ wà nínú ohun tó wí. Mo mu kọfí mi, mo lọ sílé. Nígbà tí ọdún 1976 sì wọlé, Gereon fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún Irmtraud lójú mi. Kò pariwo. Ó ní ó ti rẹ òun, ó ní bí oṣù Karùn-ún bá kọjá tí wọ́n ṣì ń fi òun pamọ́, òun ò ní wá mọ́.

Irmtraud ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Àǹtí Burga, bí wọn ò bá ra àwo mi mọ́ ńkọ́? Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn orin?"

"O ò mọ aṣọ rán, ìyẹn dájú."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá fi orin sílẹ̀ nítorí ẹ̀, màá di ẹni tó ń bínú sí i lọ́jọ́ iwájú. Bí mo bá sì fi òun sílẹ̀ nítorí orin, orin wo ni mo tún fẹ́ kọ?"

Mo ní kó lọ wẹ ojú. Ṣùgbọ́n mo rán an létí ohun kan: ọdún náà jẹ́ ọdún tí oṣù Kejì máa ń ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ nìkan, lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọbìnrin ló ń ri igi fún ọmọkùnrin. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún mọ́, igi Máì dúró níwájú ilé Apollonia, ó ga, bébà àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òfééfèé ń fẹ́ lára rẹ̀, GEREON wà lára ọkàn rẹ̀. Irmtraud dúró sídìí igi. Kò sá lọ bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun, wọ́n sì rí i. Gbogbo àwọn tó ń lọ ra búrẹ́dì dúró. Ọmọ ẹnì kan ya fọ́tò. Apollonia ṣí ilẹ̀kùn, ó wo igi láti òkè délẹ̀, ó wo Irmtraud.

"Rírì kò ṣòro," ó wí. "A ó rí ẹni tó máa wá mú un." Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Fọ́tò náà dé inú ìwé ìròyìn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Drossel pè. Kò ní kó wá hú igi, ó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun á sọ pé eré fún fíìmù ni. Ó wá mú ètò tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù lọ lọ́dún náà, ó fi orúkọ Tilla sí i, ní Hamburg, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà gan-an.

"Ọ̀gbẹ́ni Drossel, mi ò lè wá. Mo ní igi tí mo fẹ́ lọ mú."

"Rán ẹnì kan lọ mú un."

"Ẹni tó rì í ló ń mú un."

"Tilla, dídúró lásán ni mo fẹ́ kí o dúró. Ohùn ẹ ti wà lórí téèpù. Ẹnu ẹ nìkan la nílò."

"Bó bá jẹ́ ẹnu lásán ni, Ọ̀gbẹ́ni Drossel, ẹnu pọ̀ ní Hamburg." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó bi mí bóyá òun ti ya wèrè, mo ní ó kù díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà, a jọ rìn lọ sílé Apollonia. Èmi gbé páálí bíà, nítorí n kò mọ bí wọn yóò ṣe gbà wá. Gereon wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ojú rẹ̀ pọ́n. Apollonia dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lófo. Mo wo ọwọ́ yẹn. Kò sí kéèkì níbẹ̀.

"O dé," ó wí.

"Mo dé, Màmá."

"Kí o tó fọwọ́ kan igi yẹn, mo ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ yẹn, tí o sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ló ri igi ọmọ mi fún ẹ. Ṣé o mọ̀ pé òun ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Irmtraud kò dákẹ́.

"Mi ò mọ̀ pé Gereon ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ni. Gbogbo ayé kò mọ orúkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹnì kan fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wewu dé orí òrùlé yẹn nítorí mi, mo sì mú un fún àwọn tí kò béèrè fún un, torí wọ́n ní yóò dára lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì mí. Ẹ dáríjì mí."

Gereon fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó wo Irmtraud títí, bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ rà.

"Ká ní o purọ́ fún mi ni," ó wí, "inú ọmọ mi á dùn, tèmi ò ní dùn." Ó yí padà wọlé. A gbọ́ bí àwo ṣe ń kan àwo. Ó jáde pẹ̀lú kéèkì ápù tó ti tutù, tó ti yan láti àárọ̀. "Ẹ wọlé. Igi á dúró dè yín."

Iṣẹ́ Irmtraud kò parí, bí a ti bẹ̀rù pé yóò rí. Drossel fi í sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan dá àwo rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan ní Köln gbà á lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ń kọ orin àwọn abúlé wa, orúkọ Irmtraud Vossen ló sì wà lára àwo. Kò lówó tó ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ. A jókòó yí tábìlì Apollonia ká, Gereon di ọwọ́ Irmtraud mú láìfi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ mọ ohun tí Drossel fẹ́ ṣe. Olóòtú ètò bọ́ síta, ó fa ojú ro, ó ní ọ̀fun ń dun Tilla Heiden, ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Irmtraud fi kéèkì sẹ́nu, ẹ̀rín fẹ́ fún un pa. Wọ́n wá fi fíìmù àtijọ́ kan hàn, níbi tó ti jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run mi, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá náà, ó ń retí ẹni tí kò tíì dé. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. A ò mọ ibi tí a ó wò.

Apollonia dìde, ó ń gé kéèkì mìíràn sínú àwo Irmtraud.

"Gereon, pa nǹkan yẹn. Ẹni tó ni ohùn ń jẹun."